Ọ̀rọ̀ Tí Wọn Kò Kọ́ Bọ́láńlé ní Ẹ̀pẹ́

Mo ti wọṣọ tán kí wọ́n tó pe ìrun òwúrọ̀ ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Lasunwon. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ. Ẹni tí mo bá sọ fún yóò sọ fún ẹlòmíràn, kí n tó dé ọ̀hún wọn á ti gbálẹ̀ dè mí, wọ́n á sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí wọn yóò wí. Ilé kan wà tí ènìyàn ń ránṣẹ́ sí kó tó lọ. Èyí tí mò ń lọ yìí, jíjá wọ̀ ọ́ ló yẹ ẹ́.

Ohun tó gbé mi dìde rèé. Bọ́láńlé, ọmọ-ọmọ mi tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ti wà ní Ẹ̀pẹ́ láti bí oṣù kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní èdè Spéènì. Wọ́n ní iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ń dúró dè é ní ilé ìwòsàn kan lókè òkun. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Káyọ̀dé ló ń ṣètò ìrìnnà wọn. Obìnrin kan tí a jọ ṣe tíṣà rí ló ń kọ́ wọn lédè, nínú ilé ara rẹ̀. Dúpẹ́ ni orúkọ obìnrin náà. Ẹ mú orúkọ yẹn dání, màá padà sórí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ni Bọ́láńlé máa ń pè mí lórí fóònù láti ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún mi, nítorí ó mọ̀ pé mo gbọ́ èdè náà. Bàbá mi ṣe akọ̀wé lóko kòkó ní erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Fànándò Pó nígbà náà, lábẹ́ àwọn ará Spéènì, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà dé ọmọ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bọ́láńlé á ní, "Màmá, wọ́n kọ́ wa ní 'escoba' lónìí." Ìgbálẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, "plancha", áyọ́ọ̀nù tí à ń fi lọ aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, "cama", bẹ́ẹ̀dì. "Sábana", aṣọ tí à ń tẹ́ lé e. "Olla", ìkòkò ọbẹ̀. Mò ń gbọ́, mo sì ń kó o sínú. Nígbà tó yá mo bi í pé, "Kí ni wọ́n ń pe oògùn?" Ó ní wọn kò tíì dé ibẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ńkọ́?" Wọn kò tíì dé ibẹ̀. "Owó oṣù?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi èdè àjèjì kọ́ ènìyàn ni yóò tú àṣírí iṣẹ́ tí wọ́n ń mú un lọ ṣe. Mo rí i ní oko kòkó yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ wa kò mọ̀ ju "trabaja", ṣiṣẹ́. "Anda", máa rìn. "Calla", pa ẹnu mọ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó rẹ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ bàtà mi láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé mi dé gáréèjì. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n ń gbà dé Ẹ̀pẹ́, àwọn ọmọ gáréèjì sì ní kí n fi owó ẹrù kún un nítorí àpò kan ṣoṣo tí mo gbé lé itan ara mi. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wúwo lẹ́nu mi rí. Wọ́n kùn, wọ́n sì fi mí sílẹ̀.

Awakọ̀ náà, Mùfútàù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gbé ní Ìkòròdú, ní kí n jókòó síwájú. Mo ní kó kọ́kọ́ tẹ bírékì kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti ṣe ọlọ́pàá ojú pópó rí ni?"

"Mo ṣe tíṣà."

"Háà. Ìyẹn burú ju ọlọ́pàá lọ."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí bírékì náà ń han bí ewúrẹ́.

Ọ̀nà kò burú títí a fi kọjá Ìmọ́tà, níbi tí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá wà, tí àwọn ọkọ̀ ẹrù tò lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni kòtò bẹ̀rẹ̀. Àwọn típà tó ń kó yanrìn ló gbẹ́ ẹ, òjò sì bá wọn parí rẹ̀. Ní Ìkòròdú, bí ọ̀nà bá bàjẹ́, a ó máa bú ìjọba. Níhà Àgbọ̀wá, ńṣe ni wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà sí ẹ̀gbẹ́ kòtò tó tóbi jù, níbi tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti rọra, wọ́n ń tà fún wa lójú fèrèsé. N kò mọ èyí tó gbọ́n jù nínú ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo fura pé àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kò ní fẹ́ kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe láéláé.

Ní Ìtóìkìn, obìnrin kan na àwo ìgbín mẹ́ta sí mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Mo fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn, kò mira.

"Èyí ti kú."

"Ó ń sùn ni, Màmá."

"Jẹ́ kó máa sùn lọ."

Bí a ṣe ń lọ ni mò ń ro ti Dúpẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan la ti jọ ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mo bá a lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó dé, tó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ láìgbé pàṣán. Nígbà tí mo ń fi èdè Spéènì kọ́ àwọn ọmọ tó bá wù lẹ́yìn àkókò ẹ̀kọ́, ó máa ń jókòó sẹ́yìn, ó ń gbọ́. Èdè tó fi ń jẹun lónìí, lọ́dọ̀ mi ló ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa pè wá jọ. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa wá lọ́jọ́ Sátidé láti kọ́ ọmọ àwọn ẹni ńlá ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, láìgba nǹkan kan. "Gbogbo wa gbà, àbí?" Kó tó di ìpàdé, Dúpẹ́ ti sọ fún mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀ pé òun kò ní gbà láé, pé kí n sọ̀rọ̀, òun á ti ẹ̀yìn mi. Mo dìde, mo ní rárá. Mo wẹ̀yìn. Dúpẹ́ ti wà lórí orókún, ó ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ṣeun, mà." Kò pẹ́ sí i ni wọ́n wá igbákejì ọ̀gá àgbà. Èmi ló kàn. Wọ́n ní ẹnu mi le. Wọ́n fi Dúpẹ́ sí i, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn kan ní kí n gbàgbé. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn rí.

Nígbà tí ẹni kan bọ́ọ́lẹ̀ ní oríta Ejinrin, Mùfútàù bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní mò ń lọ ra ẹja.

"Ẹja kún Èbúté Ìkòròdú, Màmá."

"Ti Ẹ̀pẹ́ dùn jù."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹni tó ń lọ ra ẹja kì í wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì."

Awakọ̀ tó ń wo bàtà èrò, ojú wo ló fi ń wo ọ̀nà?

Òòrùn ti yọ dáadáa nígbà tí a wọ Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ tutù ju Ìkòròdú lọ, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ wọ àárín ilé, àwọn ènìyàn sì ń kí ara wọn pẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá. Ní Ìkòròdú, a ti jẹ́ èrò tán; a ń kí, a ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja, àwọn obìnrin jókòó sórí àpótí, wọ́n ń yọ ìpẹ́, ìpẹ́ náà lẹ̀ mọ́ apá wọn, ó ń kọ mọ̀nà. Níbí, ẹni tó ń ta ẹja lọ́tọ̀, ẹni tó ń yọ ìpẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó ń gé e lọ́tọ̀. Ní Èbúté wa, ẹni tó tà á náà ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀, yóò sì fi orí ẹja pamọ́ bí o kò bá ṣọ́ ọ. Ọ̀kadà kan gbé mi dé ilé Dúpẹ́, ilé aláwọ̀ ewé kan tó kọjú sí ọ̀sà.

N kò kan ilẹ̀kùn. Mo dúró lẹ́yìn igi àgbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáráńdà, mo gbọ́ wọn.

Ohùn Dúpẹ́ kò yí padà. Yóò gbé nǹkan sókè, yóò pe é ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ yóò dá a lóhùn ní Spéènì. "Broom!" "Escoba!" "Bucket!" "Cubo!" Korobá nìyẹn. "Yes, madam!" "Sí, señora!" "I am coming, madam!" "¡Ya voy, señora!" Ohùn ọmọ mẹ́ta ni. Mo mọ ti Bọ́láńlé láàárín wọn, ohùn kékeré tó máa ń dà bí ẹni pé ó ń tọrọ àforíjì. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Kò sí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí aláìsàn. Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n ń lọ tí kò ní aláìsàn nínú?

Mo jáde síta. Bọ́láńlé ló kọ́kọ́ rí mi.

"Màmá! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú. Ìyẹn ni mo ṣe wá."

Dúpẹ́ yíjú padà. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Àgbà tó dà yẹn, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ̀yin rèé? Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn, mà." Mo wo orókún yẹn. Òun náà ló fi gba ipò mi.

Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ìkọ́kọrẹ́ ni, ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ epo àti ẹja gbígbẹ. Mo dúró títí òun fúnra rẹ̀ fi jẹ òkèlè méjì kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jẹ ẹ̀kẹta. Ó dùn, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un.

"Dúpẹ́," mo ní, "ta ló yan àwọn ọ̀rọ̀ tí o fi ń kọ́ wọn?"

"Káyọ̀dé ló ní kí n kọ́ wọn ní ti inú ilé ná, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tí mo ti gbàgbé, mo ń wò ó lórí fóònù."

"Ṣé o bi í pé kí ni ilé ìwòsàn fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù ṣe?"

Ó wolẹ̀. "Mi ò bi í, Ẹ̀gbọ́n."

"O ò bi í. Nínú ohun tí o ń kọ́ wọn, 'sueldo' dà, owó oṣù? 'Descanso' dà, ìsinmi? 'Me duele' dà, ó ń dùn mí? 'No' dà?"

"'No' wà ńbẹ̀! Ọjọ́ àkọ́kọ́ la ti kọ́ ọ. Bó ṣe wà lédè Gẹ̀ẹ́sì náà ló wà lédè Spéènì. Kò tilẹ̀ sí ohun tó rọrùn tó o."

"Pè wọ́n wá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá dúró níwájú mi: Bọ́láńlé, Sàkírátù, ọmọ Ìmọ́tà tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àti Tóyìn, tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di ìgbà náà àfi nígbà tí wọ́n jọ ń ké. Mo na ọwọ́ sí Bọ́láńlé. "Mú fóònù rẹ wá. Ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ sọ fún mi ní èdè Spéènì pé o ò fún mi."

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "No, mà." Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́.

Sàkírátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ já geere, ṣùgbọ́n orókún àti ọwọ́ rẹ̀ ń sọ ohun mìíràn. Ta ni yóò dúró ti ohun tí ẹnu wí nígbà tí ọwọ́ ti gbé nǹkan kalẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n," Dúpẹ́ ní, "ọmọ tí wọ́n kọ́ ni wọ́n. Ṣé ọmọ Yorùbá ló máa wo àgbà lójú, kó ní rárá? Nílé wa, ọmọ á ní 'Ó dáa, mà,' kó má sì wá mọ́. Àgbà á yé e fúnra rẹ̀."

"Àwọn tí wọ́n ń lọ bá, kò ní yé wọn. Bí ọmọ bá ní 'Ó dáa' fún wọn, ó dáa náà nìyẹn."

Mo ní kí wọ́n dìde dúró ṣánṣán. Mo ní kí wọ́n má wo ilẹ̀. Ẹni tí kò bá lè wo ojú, kó wo àárín ìpéǹpéjú. Mo kọ́ wọn pé: "No, señor. No se lo doy." Rárá, sà, n kò fún yín. Wọ́n ń sọ ọ́, orókún wọn ń tẹ̀. Mo ń gbá wọn lórókún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó lè nà.

"Màmá," Sàkírátù ní, "bí mo bá wí báyìí fún ìyá mi ní Ìmọ́tà, mi ò ní wọ bàálù mọ́. Àbàrá tó máa gbá mi, Spéènì ni màá já sí."

"Kò sí ìyá rẹ ní Spéènì. Tún un wí."

A ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúdú kan dúró síta. Ọkùnrin kan bọ́ọ́lẹ̀, aṣọ rẹ̀ funfun gbòò, lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Káyọ̀dé nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi, ìyẹn sì mú kí n túbọ̀ fura sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó yá, ẹ kó páásípọ́ọ̀tù yín wá. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà láti òní lọ, kó má bàa sọnù."

"Bí wọ́n bá dé ọ̀hún," mo bi í, "ọ̀dọ̀ ta ni yóò wà?"

"Ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ni, mà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ọ̀gá ilé ìwòsàn?"

"Ọ̀gá tó bá gbà wọ́n, mà."

"Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ, àbí ilé ẹni kan?"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí a ti í rẹ́rìn-ín sí arúgbó. "Màmá, iṣẹ́ ni iṣẹ́."

Mo wo Dúpẹ́. Dúpẹ́ ń wo ọ̀sà.

Tóyìn ló kọ́kọ́ wọlé lọ mú tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Sàkírátù tẹ̀lé e. Ó ti fi tirẹ̀ sí i lọ́wọ́ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó wá kan Bọ́láńlé. Ó mú páásípọ́ọ̀tù náà jáde nínú àpò, mo sì rí i tí orókún rẹ̀ fẹ́ tẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ fún un níbí, ta ni yóò sọ ọ́ fún un lọ́hùn-ún?

Ó nà ró. Ó wo ọkùnrin náà ní àárín ìpéǹpéjú.

"No, señor. No se lo doy."

"Kí ló sọ?" Ó bi Dúpẹ́.

"Ó ní òun ò fún ọ," ni mo wí.

"Bọ́láńlé? Ìwọ tí ohùn rẹ kì í jáde?"

"Rárá ni mo sọ, sà."

"Sà" yẹn ṣì wà ńbẹ̀. N kò lè bọ́ ọ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tù náà ti padà sínú àpò, ó sì fi ọwọ́ lé e.

Nígbà náà ni Sàkírátù ṣe tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà, ó di etí páásípọ́ọ̀tù ara rẹ̀ mú nínú ọwọ́ Káyọ̀dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dákun. Ọlọ́run á gbé yín ga, sà. Ẹ̀yin náà á rí ẹni ràn yín lọ́wọ́, sà." Ó ń ṣàdúrà, ó ń fà, ọkùnrin náà kò mọ bí ènìyàn ṣe ń lu ẹni tó ń súre fún un. Ìwé náà já bọ́ sọ́wọ́ Sàkírátù. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dúpẹ́ sún mọ́ etí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i? Ìkúnlẹ̀ náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe." Ó bí mi nínú pé ó tọ̀nà.

Ojú Káyọ̀dé ti le. "Kò burú. Ti Tóyìn wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ yóò lọ." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Dúpẹ́ sìn ín dé ìta, ó ń ní, "Má bínú, ọmọ mi, má bínú." Tóyìn dúró síbi tó kúnlẹ̀ sí, kò dìde, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó já nǹkan sílẹ̀.

Mo ní, "Bọ́láńlé, lọ di ẹrù rẹ. Ilé yá."

Ó wò mí. Kò wo ilẹ̀.

"Rárá, mà."

Mo rò pé ó ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣeré. Mo ní kó yára, kí ọkọ̀ má bàa wọ́n.

"Mi ò ní bá Káyọ̀dé lọ síbì kankan, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi Tóyìn sílẹ̀ síbí, kí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Mo sì fẹ́ gbọ́ èdè náà tán. Bí a bá gba ti Tóyìn, màá wálé fúnra mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ yìí lé mi lọ́wọ́, kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Sàkírátù bo ẹnu. Mo bínú gidigidi. Mo gbé àpò mi, mo sì jáde. N kò kí ẹnikẹ́ni ní ó dàbọ̀. Mo ti rìn dé ẹ̀bá ọ̀nà kí n tó rí i pé fóònù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ní láti padà lọ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀.

Nígbà tí mo dé gáréèjì, ọkọ̀ tó kàn ni ti Mùfútàù.

"Màmá! Ẹja dà?"

"Ó ní òun ò bá mi lọ."

Kò bi mí mọ́ títí a fi kọjá Ìtóìkìn. Obìnrin oníìgbín ti lọ. Ní Àgbọ̀wá, típà kan ti rì sínú kòtò, àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ yí i ká, ọjà wọn ń tà. Mo jókòó síwájú, mò ń ro ohun tí ìrìn náà fi yé mi, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn: bí o bá fi rárá kọ́ ọmọ, kì í ṣe ìwọ ni yóò yan ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. O lè wà lára wọn. Síbẹ̀, ọmọ tó lè sọ ọ́ fún mi, n kò rí ọ̀gá tí kò ní lè sọ ọ́ fún.

Mo dé Lasunwon bí wọ́n ṣe ń tan iná sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun gbogbo wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo yẹ kọ́kọ́rọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbé omi kaná. N kò tíì bọ́ bàtà tí fóònù fi dún. Bọ́láńlé ni.

"Màmá, Mọ́mì Dúpẹ́ ti gba ti Tóyìn. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé Káyọ̀dé."

N kò gbà á gbọ́. Mo ní kó gbé fóònù fún Dúpẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n." Ó ń mí helehele.

"O kúnlẹ̀ fún un?"

"Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Mo wá dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo ní rárá."

Mo ní kó gbé fóònù fún Tóyìn. Tóyìn ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Mo ní kó ṣí páásípọ́ọ̀tù náà, kó wo àwòrán inú rẹ̀ dáadáa, bóyá tirẹ̀ ni. Ó ní òun ni, mà. Ohùn ọmọ náà dùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ lóun nìkan.

Dúpẹ́ gba fóònù padà. "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ 'Give it back to me'? Mo fẹ́ fi kọ́ wọn lọ́la. Mi ò fẹ́ wo ti orí fóònù."

Ó yẹ kí n pa fóònù náà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà níbẹ̀, n kò sì ní jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní èyí tó wọ́. "Devuélvamelo," mo ní.

Ó sọ ọ́, ó bà á jẹ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sàn díẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, ó tọ̀nà.

"Devuélvamelo," mo wí tẹ̀lé e, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Dá a padà fún mi.

Omi ti ń hó lórí iná. Dúpẹ́ mọ ohun tí mò ń bèèrè, ipò tó gbà lọ́wọ́ mi nílé ẹ̀kọ́, ó sì mọ̀ pé kò sí ní Ẹ̀pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní nígbà tó pẹ́, "ó dàárọ̀ o."